Thomas Cook: Ẹni Tí Ó Tọ́ Ọ̀nà Wò Ṣáájú Àwọn Èrò

Bí a bá dárúkọ Thomas Cook, ohun tí ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni tíkẹ́ẹ̀tì, ilé ìtura àti ìsinmi lókè òkun. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọkùnrin náà. Ẹsẹ̀ ni ó ń fi rìn láti abúlé dé abúlé ní ìgbà èwe rẹ̀. Nítorí kí ó lè gba àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọtí ni ó ṣe kọ́kọ́ kó èrò sínú ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń gbé ní London tàbí ní Manchester. Bóyá ó ti ránṣẹ́ sí yín rí pé kí ẹ wá kí òun, kí ẹ sì jọ fi ọkọ̀ ojú irin kiri ìlú mẹ́ta mẹ́rin ní ilẹ̀ Yúróòpù, bíi Brussels, Cologne, Strasbourg àti Paris. Lónìí, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lè ṣètò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1855, kò wọ́pọ̀ kí ẹnìkan ṣètò rẹ̀ fún gbáàtúù ènìyàn. Ọkùnrin yìí dáwọ́ lé e, owó sì ṣòfò mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni àwọn èrò ń tọ̀ títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbé ayé rẹ̀, kí a sì rí bí ìmúrasílẹ̀ fún ìrìn àjò ẹlòmíràn ṣe lè di iṣẹ́ ìsìn.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Wọ́n bí Thomas Cook ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1808, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Melbourne, ní àgbègbè Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aláìní ni àwọn òbí rẹ̀. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 5 tí baba rẹ̀ fi kú. Baba ìyá rẹ̀, Thomas Perkins, jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, nítorí náà inú ilé ìsìn ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀.

Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ń bá olùtọ́jú ọgbà ṣiṣẹ́ fún owó táṣẹ́rẹ́, kí ó lè ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan, John Pegg, tí ó ń fi igi ṣe àga àti tábìlì. Ní ọdún 1826 a tẹ̀ ẹ́ bọmi. Ní ọdún 1828 àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní àgbègbè náà yàn án gẹ́gẹ́ bí ajíhìnrere àwọn abúlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wàásù, láti pín ìwé pẹlẹbẹ, àti láti dá Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ níbi tí kò ti sí.

Ó ń kọ iye ọ̀nà tí ó ń rìn sílẹ̀. Ní ọdún 1829 nìkan ó rin máìlì 2,692, ó sì fi ẹsẹ̀ rin 2,106 nínú wọn. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ó ju máìlì 5 lọ lójúmọ́, láìyọ ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ọdún. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ọ̀nà ń ṣe fún ènìyàn. Ó ti mọ ibi tí òjò ti ń pa ni, ó ti mọ ibi tí oúnjẹ kò ti sí, ó sì ti mọ bí ó ti rí láti dé ìlú tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí owó tí àwọn ìjọ fi ń tọ́jú rẹ̀ kò tó mọ́, ó lọ jókòó sí ìlú Market Harborough ní ọdún 1832, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ igi. Ní ọdún 1833 ó gbé Marianne Mason níyàwó, olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni òun náà. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n bí ọmọkùnrin wọn, John Mason Cook. Ẹ rántí orúkọ ọmọ yìí, nítorí a óò tún padà bá a.

ỌKỌ̀ KÌN-ÍN-NÍ

Ní ọdún 1833 kan náà ni Cook jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í fẹnu kan ọtí mọ́. Ó ń rí bí ọtí ti ń ba ilé àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, tí owó bá wà lápò, ibo ni òṣìṣẹ́ yóò lọ? Kò ní ọgbà, kò ní ẹṣin, kò sì dé ìlú kejì rí. Ilé ọtí nìkan ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún un. Cook rí i pé kò tó láti sọ fún ènìyàn pé kí ó kúrò ní ilé ọtí. Ó yẹ kí a fi ibòmíràn tí ó lè lọ hàn án.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1841, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Market Harborough lọ sí Leicester, nǹkan bí máìlì 15, láti lọ sí ìpàdé àwọn tí ó kọ ọtí sílẹ̀. Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Leicester ní ọdún tí ó ṣáájú ni. Lójú ọ̀nà ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn pé ọkọ̀ tuntun yìí lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí iye owó rẹ̀ kò bá ju agbára wọn lọ. Nígbà tí ó dé ìpàdé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, wọ́n sì gbà. Ó tọ àwọn aláṣẹ rélùwéè lọ, ó bá wọn dúnàádúrà, wọ́n sì fún un ní ọkọ̀ kan.

Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1841, nǹkan bí 500 ènìyàn wọ ọkọ̀ náà láti Leicester lọ sí Loughborough, ìrìn àjò bíi máìlì 12. Ṣílè kan ni olúkúlùkù san fún àlọ àti àbọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé ni wọ́n wọ̀, ṣùgbọ́n ìdùnnú ni wọ́n fi lọ. Àwọn afọnfèrè wà pẹ̀lú wọn, wọ́n mu tíì, wọ́n ṣeré, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú, wọ́n sì padà sílé láyọ̀. Fún bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, Cook ń ṣètò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ aláìmutí àti fún àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kò sì wá èrè nínú rẹ̀.

OHUN TÍ SCOTLAND KỌ́ Ọ

Ní ọdún 1845 ni ó kọ́kọ́ ṣe ètò ìrìn àjò gẹ́gẹ́ bí òwò, sí ìlú Liverpool. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà. Ó wo àwọn ilé tí èrò yóò sùn sí, ó bá àwọn onírélùwéè àti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe àdéhùn, ó sì tẹ ìwé kékeré kan tí ó sọ ohun tí èrò yóò rí lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní: Igi gánganran má gùn mí lójú, láti òkèèrè la ti ń wò ó.

Síbẹ̀, ní ọdún 1846, igi náà gún un lójú. Ó kó nǹkan bí 350 ènìyàn lọ sí Scotland. Nígbà náà, ojú irin kò tí ì lọ tààrà láti àgbègbè rẹ̀ dé Scotland, nítorí náà wọ́n ní láti wọ ọkọ̀ ojú irin dé Fleetwood, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ardrossan. Kò sí ilé ìgbẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin náà. Tíì tí a ti ṣèlérí fún wọn lójú ọ̀nà kò sí nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, yàrá kò kárí, àwọn kan sì wà lórí ọkọ̀ ní ìta títí ilẹ̀ fi mọ́, nínú òtútù àti òjò. Lóòótọ́, àwọn ará Glasgow àti Edinburgh fi ìlù àti fèrè pàdé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí òjò ti pa mọ́jú kì í tètè gbàgbé.

Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ni ó jẹ̀bi. Cook mọ̀ pé òun ni àwọn èrò fi owó wọn lé lọ́wọ́, nítorí náà òun ni wọn yóò bi. Kò fi Scotland sílẹ̀. Ó tún ọ̀nà náà ṣe, ó sì ń padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò lọ́dọọdún.

Ní ọdún 1851, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní London tí gbogbo ayé ń lọ wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìhà àríwá kò lè mú owó ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Cook ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ tí ó jọ àjọ tí àwa náà ń dá: wọ́n ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi tó owó ìrìn àjò. Nǹkan bí 165,000 ènìyàn ni a gbọ́ pé ó bá ètò rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ náà.

ÌRÌN ÀJÒ ỌDÚN 1855

Nígbà tí ó di ọdún 1855, Paris ni ìpàtẹ kàn. Cook fẹ́ kó àwọn ènìyàn gba ibi tí òkun ti fúnra jùlọ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ni ọ̀nà yẹn kọ̀ láti bá a ṣe àdéhùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ṣí sílẹ̀ fún un: láti Harwich ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba orí òkun lọ sí Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀m. Ẹni tí ń lọ sí Paris tí a ní kí ó gba Antwerp lọ, ó dà bí ẹni tí ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó tí a ní kí ó gba Oǹdó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Cook tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú, ó sì rí i pé ọ̀nà tí ó yí po yìí lè di ìbùkún. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ti ń la ojú irin láti ọdún 1835, ojú irin wọn sì ti so Antwerp mọ́ Cologne ní Jámánì láti ọdún 1843. Láti Cologne, ọkọ̀ ojú omi wà tí ń gòkè odò Rhine láàárín àwọn òkè àti àwọn ilé olódi àtijọ́. Ojú irin wà tí ó gba Heidelberg àti Baden-Baden lọ sí ìhà gúúsù. Ní ọdún 1852 sì ni wọ́n parí ojú irin láti Strasbourg lọ sí Paris. Bí a bá so gbogbo èyí pọ̀, òbìrí kan ni: Antwerp, Brussels, Cologne, odò Rhine, Heidelberg, Baden-Baden, Strasbourg, Paris, kí a sì gba Le Havre tàbí Dieppe padà sílé.

Lórí ìwé, ó rọrùn láti fà á. Ẹ wá wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Jámánì kò tí ì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nígbà náà. Abẹ́ ìjọba Prussia ni Cologne wà, abẹ́ ìjọba Baden ni Heidelberg wà, owó tí wọ́n sì ń ná ní ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Èrò tí ó bá ná owó Bẹ́ljíọ̀m lónìí yóò wá owó Prussia lọ́la, yóò sì tún wá ti Baden lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó kan owó Faransé. Aago kò bára mu láti ìlú dé ìlú, nítorí olúkúlùkù ń tẹ̀lé oòrùn ìlú tirẹ̀. Ní Strasbourg, kò tí ì sí afárá rélùwéè lórí odò Rhine, ọdún 1861 ni èyí tó wá, nítorí náà èrò àti ẹrù ní láti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó kọjá odò. Cook fúnra rẹ̀ kò gbọ́ èdè àwọn ibi wọ̀nyí dáadáa. Ìgboyà àti ìmúrasílẹ̀ ni ó fi ṣe ògbifọ̀.

Síbẹ̀, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ó kó wọn lọ, ó sì kó wọn bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣáájú wọn. Àwọn obìnrin tí kò lè dá rìn ní ayé ìgbà náà láìsí ọkọ tàbí arákùnrin bá a lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán ni àwọn wà. Nígbà tí ó ṣírò owó, ó rí i pé òun pàdánù. Ní ọdún 1861, ó tún kó bíi 1,700 òṣìṣẹ́ lọ sí Paris fún ọjọ́ mẹ́fà, ó sì tún pàdánù 120 pọ́n-ùn. Ọdún 1863 ni àwọn onírélùwéè Faransé gbà láti bá a ṣe àdéhùn gidi, tí ọ̀nà Paris àti ti Switzerland fi ṣí fún un. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi fún irúgbìn kí ó tó kórè.

Àwọn ọlọ́lá kan wà tí wọ́n fi àwọn èrò rẹ̀ ṣẹ̀sín nínú ìwé ìròyìn. Lójú tiwọn, kò yẹ kí akọ̀wé kékeré tàbí olùkọ́ ilé ìwé máa rìn káàkiri ibi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń lọ. Cook dá wọn lóhùn nínú ìwé tirẹ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni láti rò pé ohun dáradára ayé wà fún ìdílé àwọn díẹ̀ nìkan. Ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́run tí ó dá ayé kò fi òkè àti odò rẹ̀ jogún fún olówó nìkan.

ÀGBÀTÁN

Àwọn àgbà sọ pé àgbàtán là á gba ọ̀lẹ: bí a bá dáṣọ fún un, a ó pa á láró. Bẹ́ẹ̀ ni Cook ṣe sí àwọn èrò rẹ̀. Ó rí i pé sísan owó ilé ìtura ń dà wọ́n láàmú, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1868 sí ta ìwé tí wọ́n lè fi gba ibùsùn àti oúnjẹ láìsan owó níbẹ̀. Ó rí i pé owó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń yọ wọ́n lẹ́nu, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé ìwé owó kan jáde ní ọdún 1874 tí wọ́n lè pààrọ̀ sí owó ìlú tí wọ́n bá dé. Ó rí i pé àkókò ọkọ̀ kò yé wọn. Ní ọdún 1873, ilé iṣẹ́ náà tẹ ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Yúróòpù jáde. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ìwé náà ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irú ìwé ẹ̀kọ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ilé iṣẹ́ Cook ń tẹ̀ ẹ́ títí di ọdún 2013, àwọn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ sì gbà á ṣe láti ọdún 2014.

Ní ọdún 1869 ó kó èrò lọ sí Íjíbítì àti Ilẹ̀ Mímọ́, ohun tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń ka Bíbélì lọ́mọdé. Láti ọdún 1872 sí 1873 ó yí gbogbo ayé po pẹ̀lú àwọn èrò díẹ̀ ní ọjọ́ 222.

Bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ ọdún 1855 lónìí, ọ̀nà ti dán. Láti ọdún 1994 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ihò abẹ́ òkun kọjá. London sí Brussels jẹ́ nǹkan bí wákàtí 2, Brussels sí Cologne náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Strasbourg sí Paris kò sì tó wákàtí 2. Euro ni wọ́n ń ná ní Bẹ́ljíọ̀m, Jámánì àti Faransé. Ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ kò tí ì di ohun àtijọ́. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọmọ Nàìjíríà wọ Paris, físà Schengen ni yóò gbà. Ìwé ọkọ̀ kan wà tí a fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin orílẹ̀-èdè púpọ̀: Interrail fún àwọn tí ń gbé ní Yúróòpù, Eurail fún àwọn tí ó ti òde wá. Ẹni tí ó bá sì mú un lọ́wọ́ ṣì ní láti kọ́kọ́ gba àyè ìjókòó, kí ó sì san àfikún owó, nínú irú ọkọ̀ tí ń kọjá lábẹ́ òkun yẹn. Ìlú mẹ́ta tí a fara balẹ̀ wò sàn ju méje tí a sáré kọjá lọ, pàápàá bí àgbàlagbà bá wà nínú èrò. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢÈTÒ

A kò gbọdọ̀ fi ìgbé ayé ènìyàn hàn ní apá kan ṣoṣo. John Mason Cook, ọmọ tí a ní kí ẹ rántí, wọ inú iṣẹ́ náà pẹ̀lú baba rẹ̀, ó sì mọ ìṣirò owó jù ú lọ. Ọmọ náà fẹ́ kí òwò jẹ́ òwò. Baba ń fi iṣẹ́ míṣọ́n àti ọ̀rọ̀ aláìmutí mọ́ ọn, ó sì ń náwó lórí ohun tí kò mú èrè wá. Èdèkòyédè wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí baba fi ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870. Ọwọ́ ọmọ ni ilé iṣẹ́ náà ti wá tóbi jùlọ, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àárín wọn kò padà bọ̀ sípò bí ó ti yẹ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1880, Annie, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kú nínú ilé ìwẹ̀ ní ilé wọn ní Leicester, nítorí èéfín ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná. Ní ọdún 1884 Marianne, ìyàwó rẹ̀, kú. Ojú Cook fúnra rẹ̀ fọ́ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi òkè àti ìlú han ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè rí ojú ọ̀nà ilé tirẹ̀ mọ́.

Kò jókòó ti ìbànújẹ́. Ó padà sí Melbourne níbi tí a gbé bí i, ó sì kọ́ ilé kéékèèké 14 síbẹ̀ fún àwọn aláìní ìjọ Onítẹ̀bọmi, pẹ̀lú gbọ̀ngàn ìsìn láàárín wọn. Wọ́n parí wọn ní ọdún 1891. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1892, ní ẹni ọdún 83, ní Leicester, ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ kìn-ín-ní ti gbéra.

Ìdílé rẹ̀ ta ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1928. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ó wó lulẹ̀ nítorí gbèsè. Nǹkan bí 150,000 ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lókè òkun lọ́jọ́ náà, tí ìjọba ní láti wá ọkọ̀ òfuurufú kó wọn wálé. Orúkọ rere tí baba fi sílẹ̀ kò lè ṣírò owó fún àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ará, nínú Lúùkù 14:28-30, Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Àwa a máa ka ìmúrasílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ owó lásán, tàbí kí a rò pé ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ kò nílò rẹ̀. Thomas Cook fi hàn wá pé ìfẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ó wo ibùsùn kí èrò tó sùn sí i, tí ó béèrè àkókò ọkọ̀ kí èrò tó dé ibùdó, ó ń ro ti opó tí kò rìnrìn àjò rí àti ti òṣìṣẹ́ tí ó fi ọdún kan tọ́jú owó.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa. Ẹni tí ń wá mọ́tò fún àwọn ọmọ ìjọ tí ń lọ sí àpéjọ, ẹni tí ń béèrè ibi tí àwọn ìyá àgbà yóò sùn, ẹni tí ń ka ìwé físà fún bàbá tí kò mọ̀wé, iṣẹ́ ìsìn ni wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ń wàásù. Bí a kò bá rí orúkọ wọn kà nínú ìròyìn ìjọ, èrò tí ó dé láyọ̀ mọ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé apá kejì. Ọkùnrin yìí so ìlú mọ́ ìlú, ọ̀nà tí ó wà láàárín òun àti ọmọ rẹ̀ ni kò rí tún ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ọ̀nà tí a ń gbà dé London, tí a kò sì mọ ọ̀nà tí a lè gbà bá ọmọ tí ó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń ṣètò ìrìn àjò láti lọ kí ọmọ, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ètò náà fún ìjókòó papọ̀. Ọkọ̀ lè lọ kí òmíràn dé, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó kọ àkókò tí ọmọ yóò tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Thomas Cook rí nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mú kí ó ronú nípa ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1841?

2. Kí ni ó yẹ kí olórí ṣe nígbà tí ètò rẹ̀ bá mú ìyà bá àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Scotland?

3. Ọ̀nà tí Cook fẹ́ ní ọdún 1855 ni wọ́n tì mọ́ ọn. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ìgbà kan tí ọ̀nà tí ó yí po mú ohun rere wá fún ìjọ yín.

4. Ta ni nínú ìjọ yín tí kò rìnrìn àjò rí nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá a ṣètò rẹ̀? Kí ni kíláàsì yín lè ṣe fún un kí oṣù mẹ́ta yìí tó parí?